Bí Ẹgbẹ́ Ṣe Ń Múra Ojúde Ọba: Iṣẹ́ Ọdún Kan fún Ọjọ́ Kan

Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ní iwájú ààfin Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹgbẹ́ kan á wọlé tìlù tìfọn, aṣọ kan náà lára gbogbo wọn, fìlà kan náà lórí, ìlẹ̀kẹ̀ kan náà lọ́rùn. Kí ojú tó kúrò lára wọn, ẹgbẹ́ mìíràn ti dé ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Àwọn tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n tàbí lórí fóònù rí aṣọ, wọ́n rí ijó, wọ́n rí ẹṣin. Ohun tí wọn kì í rí ni ìwé owó akápò, ìpàdé tí wọ́n ti jiyàn lórí àwọ̀ aṣọ títí ilẹ̀ fi ṣú, télọ̀ tí kò fojú kan oorun, àti obìnrin tó dìde ní agogo mẹ́ta òru kí oúnjẹ ọgọ́rùn-ún èèyàn lè dé abẹ́ àtíbàbà lásìkò. Kò sí ẹni tó ń gba owó oṣù nínú wọn. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí mo gbà tọkàntọkàn pé òun ló yẹ ká fi Ojúde Ọba yangàn jù lọ, ju aṣọ lọ, ju ẹṣin lọ.

Ìdúpẹ́ ni ọdún náà fi bẹ̀rẹ̀. Ìtàn tí àwọn àgbà Ìjẹ̀bú ń sọ ni pé nígbà ayé Awùjalẹ̀ Adémúyẹ̀wò Fìdípọ̀tẹ̀, ní apá ìkẹyìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tó kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù nílùú rí i pé ọba fàyè gbà wọ́n láti máa jọ́sìn bó ṣe wù wọ́n. Bí wọ́n bá ti ṣe Iléyá tán, wọ́n á kó ara wọn jọ lọ sí ojúde ọba láti dúpẹ́. Lẹ́yìn ogun Ìmágbọ̀n tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà lọ́dún 1892, ẹ̀sìn náà tàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Balógun Kúkù, jagunjagun àti olówó tí òkìkí rẹ̀ kàn, di Mùsùlùmí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ṣáájú ìgbà náà, òun náà máa ń fi èrò àti ìlù ṣọdún Ọdẹ̀dá, ọdún ìbílẹ̀ kan. Nígbà tí ẹ̀sìn tuntun kò jẹ́ kó lè ṣe ìyẹn mọ́, ó kó gbogbo ayẹyẹ náà wá sínú ìbẹ̀wò ọjọ́ kẹta Iléyá: ẹṣin, ìbọn, onílù, ogunlọ́gọ̀ èèyàn. Bí ìdúpẹ́ ṣe di ọdún nìyẹn. Lónìí, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe ló jọ ń jókòó lábẹ́ àtíbàbà kan náà lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó ń bi ẹnìkejì rẹ̀ léèrè ibi tó ti ń kírun tàbí tó ti ń gbàdúrà.

Ẹgbẹ́ tí mò ń sọ ni rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí. Àwọn tí a bí láàárín bíi ọdún mẹ́ta síra wọn ló ń wà nínú ẹgbẹ́ kan, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Láyé àtijọ́, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìlú ń rán níṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ á la ọ̀nà, wọ́n á tún ojú ọjà ṣe, wọ́n á sì jáde bí ogun bá dé. Nígbà tí ìjọba gba iṣẹ́ ọ̀nà àti iṣẹ́ ogun kúrò lọ́wọ́ ìlú, agbára ètò náà rọ̀. Awùjalẹ̀ Ṣíkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, Ọ̀gbágbà Kejì, tó gorí ìtẹ́ lọ́dún 1960 tó sì wàjà ní oṣù keje ọdún 2025 lẹ́ni ọdún 91, ló sọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ jí, tó sì fún wọn láyè nínú Ojúde Ọba. Gbọ́baníyì, Bọ́bagbìmọ̀, Bọ́bakẹ́yẹ, Bọ́bagúnwà, Jagunmólú, Ọbafùwàjì, Arọ́bayọ̀, Máyégún: àwọn orúkọ yìí ni ẹ máa ń gbọ́ tí olóòtú ètò bá ń pè wọ́n wọlé.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yìí, torí òun ló fún iṣẹ́ náà ní adùn àti ìṣòro rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ tí èèyàn fúnra rẹ̀ yàn, àwọn tí àpò wọn dọ́gba ló sábà máa ń kóra jọ. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún tí ìyá rẹ bí ọ ló yan ẹgbẹ́ fún ọ. Ọ̀gá bánkì tó ń gbé ní Lekki, obìnrin tó ń ta ata lọ́jà Òkè-Àjẹ, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, àti ẹni tó ń wa tákísì ní London lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, kí ohùn wọn sì dọ́gba nínú ìpàdé. Tí a bá fẹ́ kí wọ́n jọ jáde lọ́jọ́ kan, kí wọ́n jọ wọ aṣọ kan, kí wọ́n jọ jẹun nínú ìkòkò kan, ètò gbọ́dọ̀ wà tí kò ní fi ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kúrú sílẹ̀. Gbogbo ohun tó kù nínú àlàyé yìí, orí ìyẹn ló dúró lé.

Àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ kò ju bó ṣe ń rí nínú ẹgbẹ́ Yorùbá yòókù lọ: alága, akọ̀wé, akápò, alukoro, àti ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò. Lábẹ́ wọn ni àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké wà, ọ̀kan fún aṣọ, ọ̀kan fún oúnjẹ, ọ̀kan fún ìlù àti ijó, ọ̀kan fún àtíbàbà, iná àti omi. Bó bá ṣeé ṣe, kí ẹni tó ń gba owó má ṣe jẹ́ ẹni tó ń ná an. Kí orúkọ èèyàn méjì ó kéré tán wà lórí àkáǹtì ẹgbẹ́ ní bánkì. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń bínú sí irú ọ̀rọ̀ báyìí, wọ́n á ní ọmọ ìyá ni gbogbo wa, kí ló dé tí a ó máa ṣọ́ ara wa. Àmọ́ ọmọ ìyá tó bá ní rísíìtì lọ́wọ́ ni ọmọ ìyá tí ẹnikẹ́ni kò lè bà lórúkọ jẹ́. Ẹgbẹ́ tí akọ̀wé rẹ̀ ń gbé ìṣirò owó sórí Wáàsáàpù lóṣooṣù, tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń rí iye tó wọlé àti iye tó jáde, kì í sábà já.

Ọ̀nà méjì ni owó ń gbà wọlé, ó sì yẹ kí wọ́n ya ara wọn sọ́tọ̀ pátápátá. Àkọ́kọ́ ni owó aṣọ. Oníkálukú ló ń san tirẹ̀, nítorí ara rẹ̀ ni aṣọ wà, ilé rẹ̀ ló sì ń gbé e lọ. Èkejì ni owó ọjọ́ ọdún: àtíbàbà, àga, onílù, oúnjẹ, omi, jẹnẹrétọ̀, ẹ̀bùn tí ẹgbẹ́ fẹ́ fún ọba. Àjọdá ni èyí, owó oṣù ni wọ́n fi ń kó o jọ díẹ̀díẹ̀, àwọn tí Ọlọ́run ṣíjú wò á sì fi ọrẹ kún un. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń kọsẹ̀ ni pé wọ́n á fi owó aṣọ tí ẹnì kan san ra nǹkan tó yẹ kí wọ́n fi owó àjọdá rà, tó bá wá di ọ̀sẹ̀ méjì sí ọdún, oníṣòwò aṣọ ń bínú, ẹni tó sanwó ń bínú, alága kò sì mọ ẹni tí òun ì bá kọ́kọ́ bẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òṣùpá tún wà níbẹ̀. Iléyá kì í dúró lójú kan, torí ọdún òṣùpá fi bíi ọjọ́ 11 kúrú sí ọdún tí bánkì àti ọ́fíìsì ń kà. Ojúde Ọba ọdún 2022 bọ́ sí ọjọ́ 11 oṣù keje. Ti 2023 jẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, ti 2024 jẹ́ ọjọ́ 18 oṣù kẹfà, ti 2025 sì jẹ́ ọjọ́ 8 oṣù kẹfà. Láàárín ọdún mẹ́ta péré, ọdún náà ti fi ọjọ́ 33 súnmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Akápò tó bá ka oṣù 36 fún ọdún mẹ́ta yóò rí i pé oṣù 35 ló gbà, oṣù kan ti sọnù sójú ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí i. Ohun tó dára ni kí ẹgbẹ́ máa ka ọjọ́ láti Iléyá kan sí èkejì, kí ìdáwó sì parí ní oṣù méjì ṣáájú. Ojú ọjọ́ pàápàá ń yí padà. Láwọn ọdún tí mo kà sílẹ̀ yìí, òjò ni ẹgbẹ́ ń bá wọ̀jà, nítorí oṣù kẹfà àti ìkeje ni òjò Ìjẹ̀bú máa ń rọ̀ jù. Tó bá di 2030, Iléyá á ti sún dé oṣù kẹrin, ooru á sì di ìṣòro fún àwọn tó wọ agbádá onípele mẹ́ta. Ẹgbẹ́ tó bá ń rajà fún ọdún mẹ́wàá, bí àtíbàbà tirẹ̀ tàbí agboòrùn ńlá, kó fi èyí sọ́kàn. Àrùn Kòrónà tún kọ́ wa pé ọdún lè má wáyé rárá. Kò sí Ojúde Ọba ní 2020 àti 2021. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ ti pinnu sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé, ohun tí owó tí wọ́n ti kó jọ yóò di bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀: ṣé wọ́n á dá a padà ni, àbí wọ́n á tọ́jú rẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ aṣọ, ibi tí ìjà àti ayọ̀ ẹgbẹ́ ti ń wá.

Ìgbìmọ̀ aṣọ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí ẹnu kò tíì kúrò lórí ọdún tó kọjá. Wọ́n á lọ sí ọjà Balógun l'Ékòó fún lésì, dàmáásìkì tàbí gínì. Tó bá jẹ́ àdìrẹ ló wù wọ́n, wọ́n á gba Ìtọ́kú l'Ábẹ́òkúta lọ. Tó bá jẹ́ aṣọ òkè, wọ́n á kàn sí àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn. Wọ́n á mú bíi àpẹẹrẹ mẹ́ta wá sí ìpàdé pẹ̀lú iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan, iye owó rírán, fìlà tàbí gèlè, bàtà àti ìlẹ̀kẹ̀. Mo tẹnu mọ́ ìyẹn: iye owó GBOGBO rẹ̀, kì í ṣe ti aṣọ nìkan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti fọwọ́ sí aṣọ tí wọ́n gbọ́ pé kò wọ́n, kí wọ́n tó wá rí i pé iyùn àti bàtà tó bá a mu fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó aṣọ.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Agbádá pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò ń gba bíi yáàdì mẹ́wàá. Ìró àti bùbá obìnrin ń gba bíi yáàdì márùn-ún. Ká sọ pé ẹgbẹ́ ọkùnrin kan ní ọgọ́ta ọmọ tí yóò jáde, yáàdì 600 ni wọ́n ń wá nìyẹn. Ọwọ́ oníṣòwò kan ṣoṣo ni kí wọ́n ti rà á, lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí ni pé àwọ̀ aṣọ kì í bá ara wọn mu tán láti ìgbà kan sí ìgbà kejì. Búlúù tí ẹ rà ní oṣù kìíní àti búlúù tí ẹ padà wá rà ní oṣù kẹrin lè jọra nínú ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ta sí wọn lójúde ọba, gbogbo ayé ló máa rí ìyàtọ̀. Kí wọ́n fi ti èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún lé e, torí àwọn kan á wá lásìkò tí kò sí mọ́: ẹni tó ń ti òkè òkun bọ̀, ẹni tí ó ní òun kò ní wá tó wá yí ọkàn padà, ẹni tí télọ̀ ba aṣọ rẹ̀ jẹ́.

Aṣọ òkè ń béèrè sùúrù ju ìwọ̀nyí lọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń hun ún, ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n á tún rán pọ̀. Fìlà àti ìpèlé fún ọgọ́ta èèyàn kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ahunṣọ tí ẹ bá kàn sí lẹ́yìn ààwẹ̀ Ramadan yóò gbà á, nítorí kò fẹ́ pàdánù owó, àmọ́ yóò pín in fún àwọn ọmọṣẹ́ onírúurú, ìhun kò sì ní dọ́gba. Sányán, ẹtù àti àlàárì ṣì ni mo fẹ́ràn jù lójúde ọba. Wọn kì í gbó bọ̀rọ̀, ọmọ sì lè jogún wọn.

Lẹ́yìn rírà, rírán ló kù. Gbogbo ìlú ló ń ránṣọ fún Iléyá lásìkò kan náà, nítorí náà télọ̀ tó bá gba aṣọ ẹgbẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọdún ti gba aṣọ igba èèyàn ṣáájú tiyín. Àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń kó gbogbo rẹ̀ fún télọ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí ara aṣọ lè bára mu. Àwọn mìíràn á ní kí oníkálukú wá télọ̀ tirẹ̀, kí wọ́n kàn fún un ní àwòrán àrà tí wọ́n fẹ́. Ọ̀nà kìíní dára fún ojú, èkejì rọrùn fún ẹni tó ń gbé ní Kano tàbí Houston. Èyíkéyìí tí ẹgbẹ́ bá mú, kí aṣọ ti délé oníkálukú ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú Iléyá, kí wọ́n lè wọ̀ ọ́ wò.

Ibi tí mo ti fẹ́ sọ ọkàn mi nìyí. Aṣọ tí ẹgbẹ́ máa mú, agbára ọmọ ẹgbẹ́ tó rẹlẹ̀ jù ni kí wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀. Tí lésì olówó ńlá bá wu àwọn olówó inú ẹgbẹ́, kí wọ́n san èyí tó fi ju ti àwọn yòókù lọ, kí wọ́n sì san án ní bòńkẹ́lẹ́, láti ọwọ́ akápò, kí ẹnikẹ́ni má mọ ẹni tí wọ́n bá san án fún. Mo ti rí ẹni tó sá fún ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí aṣọ kan ṣoṣo tí kò lè rà. Ìtìjú ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀, ìtìjú náà ni kò jẹ́ kó lè padà. Ẹgbẹ́ tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ sí ti pàdánù, kódà bí wọ́n bá gba ẹ̀bùn aṣọ tó dára jù lọ́jọ́ náà. Aṣọ tó ṣeé tún wọ̀ dára ju aṣọ tó kàn ń dán lọ, nítorí aṣọ kan náà ni ẹgbẹ́ á gbé wọ̀ níbi ìsìnkú òbí ọmọ ẹgbẹ́ àti ìgbéyàwó ọmọ wọn títí di Iléyá mìíràn.

Ọjọ́ ọdún gan-an, alẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ àtíbàbà ti ri igi mọ́lẹ̀, wọ́n ti to àga, wọ́n ti dán jẹnẹrétọ̀ wò. Lówùúrọ̀, ibì kan tí kò jìnnà ni ẹgbẹ́ máa ń péjọ sí, ilé ọmọ ẹgbẹ́ kan tàbí ọgbà ilé ìwé. Akọ̀wé á pe orúkọ. Ẹni tí fìlà rẹ̀ gẹ̀ sí òdì kejì, wọ́n á tún un ṣe. Ẹni tó gbé báàgì aláwọ̀ mìíràn wá, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn agbaniníyànjú ẹgbẹ́ á rán gbogbo èèyàn létí pé òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 kò fàyè gba kí èèyàn máa lẹ owó mọ́ onílù lórí tàbí kó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí wọ́n fi owó onílù sínú àpò ìwé, kí ọkàn onílù sì balẹ̀ pé ó pé.

Ìgbìmọ̀ ọdún ló ń ṣètò bí ẹgbẹ́ ṣe ń tò tẹ̀ lé ara wọn, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní níwájú. Nínú ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, wọ́n ní láti rìn wọlé ní ìlà, kí wọ́n jó, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀, kí alága kí ọba, kí wọ́n gbé ẹ̀bùn wọn kalẹ̀, kí wọ́n gba àdúrà, kí wọ́n sì jáde. Tí wọn kò bá ti fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan dánrawò, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Ẹni tó ń darí ìrìn ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Òun ló mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n yára àti ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n fà á, òun náà ló ń ní kí àwọn tó ń ya àwòrán ara wọn gbé fóònù sápò. Ẹgbẹ́ tó bá jókòó síwájú ọba ju àsìkò rẹ̀ lọ ti jẹ àkókò ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn, àwọn tó sì wà lẹ́yìn lè jẹ́ àwọn tí wọ́n ti dúró sínú oòrùn láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́. Nínú àwọn ẹgbẹ́ àgbà, kí àga wà nítòsí ọ̀nà àbáwọlé fún àwọn tí orúnkún ń dùn, kí omi sì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń tẹ̀ lé wọn.

Onílù dùndún tó mọ ẹgbẹ́ náà níye lórí ju ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá lọ. Ó mọ oríkì ẹgbẹ́, ó mọ ti alága, ó mọ ẹni tí ìyá rẹ̀ papò dà lọ́dún tó kọjá. Bí ìlù bá pe ẹni kan lórúkọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yí padà, ẹ ó rí i.

Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ. Lábẹ́ àtíbàbà ẹgbẹ́, àlejò tó bá ti wọlé ti di ti ẹgbẹ́, kì í ṣe ìgbà yẹn ni wọ́n ń béèrè bóyá ó ní káàdì. Ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n fi ewùrà rírin sè kò gbọdọ̀ wọ́n níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ oúnjẹ tó bá mọ̀ ọ́n ṣe á sè é ju iye àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n kà lọ dáadáa, torí kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń nìkan wá sí Ojúde Ọba.

Ní ọ̀sán, àwọn ẹlẹ́ṣin á jáde. Ètò tiwọn yàtọ̀. Kì í ṣe ọjọ́ orí, ìdílé ni, ìdílé àwọn Balógun àti Ẹlẹ́ṣin ìgbàanì: Kúkù, Odùnúga, Ọ̀túbú, Aláúsá àti àwọn yòókù. Wọ́n ń tọ́jú ẹṣin, wọ́n ń yìnbọn, wọ́n ń gun ẹṣin níwájú ọba. Àwọn ni gbogbo ayé mọ̀ jù báyìí, pàápàá láti ìgbà tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin, pẹ̀lú sìgá lẹ́nu àti dígí lójú, gba íntánẹ́ẹ̀tì kan ní 2024. Mo bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti tò ní ìlà gígùn ṣáájú wọn láti àárọ̀ ni wọ́n pọ̀ jù, àwọn ni kò sì sí orúkọ wọn nínú ìwé ìròyìn.

Irú iṣẹ́ yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Nevada, ọdún iṣẹ́ ọnà kan wà tí wọ́n ń pè ní Burning Man. Etíkun San Francisco ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1986, kí wọ́n tó gbé e lọ sínú aṣálẹ̀ Black Rock ní 1990. Bíi ẹgbẹ̀rún 70 èèyàn ló ń lọ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn èèyàn tó fẹ́ràn nǹkan kan náà á dá owó jọ, wọ́n á pàgọ́, wọ́n á yan ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àwọn tó ń kọjá lálejò lọ́fẹ̀ẹ́, ì báà jẹ́ orin, ẹ̀kọ́ ijó tàbí oúnjẹ. Omi wọn, iná wọn, ibòji wọn, àwọn ló ń gbé e lọ, ìdọ̀tí wọn sì ni wọ́n ń kó padà sílé dé orí èèpo ẹ̀pà. Kíkó ìdọ̀tí yìí ni mo fẹ́ kí a kọ́ lára wọn. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹrin Iléyá máa ń bá ike omi àti ọ̀rá nílẹ̀ lójú ọ̀nà ààfin, a sì ń retí kí ìjọba ìbílẹ̀ wá gbá a. Ẹgbẹ́ tó lè ra àádọ́ta gèlè lè ra àpò ìdọ̀tí ogún. Kí ìgbìmọ̀ àtíbàbà má ṣe lọ sílé kí abẹ́ àtíbàbà wọn tó mọ́.

Àwọn iléeṣẹ́ ńlá, Globacom láàárín wọn, ti ń ṣe onígbọ̀wọ́ Ojúde Ọba fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀bùn sì wà fún àwọn ẹgbẹ́ tó múra dáadáa jù àti àwọn ẹlẹ́ṣin tó mọ ẹṣin gùn jù. Ìyẹn kò burú. Àmọ́ kò yẹ kí ẹgbẹ́ máa ná owó tí kò ní nítorí ẹ̀bùn tí kò tíì dájú. Ẹ̀bùn tí wọ́n bá gbà, àpò ẹgbẹ́ ni kó lọ, kí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ìpàdé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún.

Ìpàdé àkọ́kọ́ yẹn ṣe pàtàkì bí ọjọ́ ọdún fúnra rẹ̀. Akápò á ka owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò á sọ ohun tó rí. Bí owó bá ṣẹ́kù, ẹgbẹ́ lè fi sanwó ilé ìwé ọmọ kan, kí wọ́n fi gbẹ́ kànga sí àdúgbò kan, tàbí kí wọ́n fi ran ọmọ ẹgbẹ́ tó wà nílé ìwòsàn lọ́wọ́. Ìgbà náà ni rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ padà di ohun tó jẹ́ láyé àtijọ́, ọwọ́ tí ìlú fi ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ aṣọ tuntun lọ́jọ́ náà kí wọ́n tó túká.

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú tí ẹ kò tíì wọ ẹgbẹ́, nílé àti lẹ́yìn odi, ẹ béèrè orúkọ ẹgbẹ́ ọdún tí a bí yín, ẹ lọ bá akọ̀wé rẹ̀ báyìí, ẹ má dúró dìgbà tí ọdún bá ku ọ̀la. Ẹ̀yin alága àti akápò tí ẹ wà nínú rẹ̀, ẹ gbé iye owó aṣọ tó ń bọ̀ jáde lásìkò, ẹ jẹ́ kí wọ́n lè máa san án díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì wá ẹni tí kò wá lọ́dún tó kọjá lọ sílé rẹ̀, kí ẹ bi í ní jẹ́ẹ́jẹ́ bóyá aṣọ ló fà á.